Irin Abẹ́ Igi Máńgòrò

Títí di òní, bí mo bá ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi, òórùn tó máa ń kọ́kọ́ pàdé mi kì í ṣe ti ẹja tàbí ti àgbàdo tí mo rà bọ̀ láti ọjà. Òórùn ìpẹtà ni, òórùn gírísì àtijọ́ àti irin tí òjò ti pa láìmọye ìgbà. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn, mo ti da lọ́fíńdà sí i, kò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká máa ń sọ pé, “Ìyá Onírin, ó yẹ kí wọ́n máa bọ Ògún sídìí ọkọ̀ rẹ yìí.” Màá rẹ́rìn-ín, màá pa bọ́ọ̀tù dé. Ó máa ń rẹ̀ mí jù láti ṣàlàyé fún un. Ìwọ tí o ní sùúrù láti gbọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

Wẹ́dà ni ọkọ mi ń ṣe ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Géètì, irin ojú fèrèsé, ibi tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé, kò sí èyí tí kì í jó. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílùú yìí: iná ìjọba kò dúró, epo sì ń gbówó lérí lójoojúmọ́. Èrè tí ọwọ́ ọ̀tún bá gbà, jẹnẹrétọ̀ á ti mu ún lọ́wọ́ òsì. Nígbà tó yá, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sílé. Bí ọkùnrin tí iṣẹ́ ti mọ́ lára bá jókòó sílé, ilé á kéré fún un. Ó ń tún ìlẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó tú fáànù wa palẹ̀, ó tò ó pọ̀, ó tún tú u palẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo rí i tó jókòó tó gbé súkùrù-dírẹ́bà lé itan, tó ń wo ilẹ̀, ara mi á bù máṣọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló bá wa wá iṣẹ́ gáádì kan, ní ẹnu géètì ilé ńlá kan ní Ẹ̀sítéètì Ìjàpò. Gáádì tó wà níbẹ̀ fẹ́ padà sí oko rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, onílé sì ní òun á fi àyè náà sílẹ̀ de ọkọ mi. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ olówó oṣù ni, kò sí ọ̀rọ̀ epo nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé ilé wo. Mo júwe ilé náà fún un. Ó ní, “Èmi ni mo jó géètì yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló sọ pé òun máa lọ tún àgbẹ̀dẹ bàbá òun ṣí ní Bọ́lọ́rundúró. Ó ní alágbẹ̀dẹ kò nílò iná ìjọba, èédú ni tirẹ̀. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí òun kò tíì rọ ọkọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, òun á wọ aṣọ gáádì, òun á lọ máa ṣí géètì tí òun fọwọ́ ara òun jó, òun kò sì ní ráhùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ náà mọ Bọ́lọ́rundúró, oko àwọn oníkòkó tó wà ní ọ̀nà Oǹdó. Ibẹ̀ ni bàbá ọkọ mi ti ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí a ṣí ìlẹ̀kùn àgbẹ̀dẹ náà, eérú la bá níbẹ̀, àti ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná, tí ikán ti jẹ tán. Àwọn tó ń kó irin àlòkù kiri ti fọ́lé. Wọ́n ti kó òòlù, wọ́n ti kó ẹ̀mú, wọ́n sì ti hú owú lọ. Owú ni irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé iṣẹ́ lé lórí kó tó lù ú. Owú bàbá náà ti wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọkọ mi, ihò rẹ̀ nìkan ló kù báyìí. Ọkọ mi dúró létí ihò náà, ó fi ẹsẹ̀ ti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, bí a ti ń ṣe létí sàréè.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irin kiri nìyẹn. Èmi ni mo ni ọkọ̀, èmi náà ni awakọ̀. Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé ní ọjọ́ Ẹtì, a ó yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, èmi pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí epo ti rin. Àwọn mẹkáníìkì á sáré wá, wọ́n á máa pè mí ní mádáàmù, wọ́n á rò pé ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá rí ọkọ mi tó ń tú ààtàn irin wọn wò ni wọ́n á tó fi wá sílẹ̀. Rìímù akẹ́rù kan tó ti wọ́ di ojú iná. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú ọkọ̀ kan tó ti jóná, ọkọ mi so ó mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere kí ọwọ́ lè máa yí i, ó sì di ẹwìrì. Inú fíríìjì tó ti kú di ọpọ́n omi tí wọ́n ń ti irin gbígbóná bọ̀. Irin ìkọ́lé tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló tẹ̀ di ẹ̀mú. Sípíríìn abẹ́ akẹ́rù, tó fẹ́ fi rọ ọkọ́ àti àdá, a kó o títí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi fi ń kan bádì. “Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ,” ó ń tún un wí títí etí mi fi kún.

Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi, kì í sì í ṣe irú rírẹ̀ tí oorun ń wò. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, màá máa wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń ṣú, mi ò sì lè sọ èyí tí mo ń gbàdúrà fún. Apá kan nínú mi ń fẹ́ kó rí irin rẹ̀. Apá kejì ń fẹ́ kí òjò ṣáà rọ̀, kí n lè lọ sinmi.

Gbogbo nǹkan ló rí ohun tó fi rọ́pò, àfi owú. A wá a ní Àkúrẹ́, a kò rí i. A wá a lọ sí Oǹdó, sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù lẹ́yìn àwọn sọ́míìlì. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin tó bá wúwo kì í sùn níbí mọ́. Bó bá dé láàárọ̀, tírélà á ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin kí ilẹ̀ tó ṣú.” Síbẹ̀, ó fi apá kan ẹ̀rọ sọ́míìlì àtijọ́ hàn wá nínú igbó, ó nípọn, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú dáadáa. Ayọ̀ sọ nínú mi. Ọkọ mi lóṣòó tì í, ó mú òòlù kékeré lápò, ó kàn án lórí. Kò dún rárá, àfi bí ìgbà tí ènìyàn kan ìkòkò tó sán.

“Ó ti fọ́ nínú,” ó ní. “Irin tó bá pé, bí o bá lù ú, á dá ọ lóhùn.”

“Ó dáa,” mo ní. “Ṣé ká máa lọ sílé?”

A wọ ọkọ̀, a ń padà sí Àkúrẹ́. Òjò ti ń ṣú lẹ́yìn wa. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Bọ́lọ́rundúró nígbà tí a gbọ́ irin tó ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, ohùn kan gbọọrọ, á dún, á rìn jìnnà, á tó tún dún. Ọkọ mi ní kí n dúró. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọkùnrin ti ṣí fìlà lórí. Obìnrin kan sọ igi ìdáná tó rù kalẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ní oko yẹn, irin kan wà tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Bí ẹnikẹ́ni bá kú, òun ni wọ́n fi ń túfọ̀, kí àwọn tó wà lóko kòkó lè gbọ́, kí wọ́n sì máa bọ̀ wálé. Yàtọ̀ sí ikú, àfi bí iná bá sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lásán.

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ òkú. Mo wo ojú ọkọ mi, mo rí i pé kì í ṣe òkú ni òun ń gbọ́. Ó ti yọrí síta lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

“Kò fọ́,” ó ní. “Ṣé o gbọ́ ọ? Kò fọ́ níbì kankan.”

Ojú tì mí fún un. Mo yí gíláàsì sókè kí ará oko má baà gbọ́ ohun tó ń sọ.

A jẹ́ kí wọ́n sin òkú náà tán, kí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, kí a tó lọ bá màmá àgbà kan tó ń lu irin náà. Ọmọ Ìta-Ògbólú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni màmá, wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn kò tíì tẹ̀. Ọkọ wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá dá oko náà nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ara katapílà tó ro igbó ibẹ̀ ni irin náà ti wá. Ó gùn, ó nípọn bí itan géńdé, ojú rẹ̀ kan sì tẹ́jú. Nígbà tí katapílà kú, ọkọ màmá ló so irin náà rọ̀, tó sì ń lù ú. Nígbà tí òun náà lọ, màmá gba òòlù, kò sì sẹ́ni tó bá wọn du ú.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Màmá kò bínú. Wọ́n kàn ń mi orí, ohùn Àkúrẹ́ sì wà lẹ́nu wọn bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò nílé.

“Urin yìí ló túfọ̀ ọkọ mi,” wọ́n ní. “Òun ló túfọ̀ ọmọ mi obìnrin. Bí o bá gbé e lọ, kí ni uṣẹ́ mi lóko yìí mọ́? Ta ni á túfọ̀ èmi?”

Èmi tí ara ti kan gógó ni mo yánu sọ̀rọ̀. Mo ní, “Màmá, gbogbo ènìyàn ló ní fóònù báyìí.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. “Ẹni tí wọ́n bá pè ni fóònù ń dún fún, ọmọ mi. Urin yìí kì í yan ẹnì kan.”

Mo ti fóònù mi bọ àpò. A kí wọn, a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi aṣọ gáádì ránṣẹ́ sí wa láti Ìjàpò. Mo fi kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá, kò sì sẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a tún wa ọkọ̀ lọ sí oko. Ọkọ mi ti yí òkúta ńlá kan wá láti etí odò, ó ní òun á fi í ṣe owú ná. Bó ṣe dáná ni màmá yọ sí wa, wọ́n mú ọkọ́ wọn tó ti jẹ dé ìdí lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló gbé wọn wá tàbí òfíntótó. Wọ́n ní kó bá àwọn fà á jáde díẹ̀.

Ọkọ mi ki ọkọ́ náà bọ iná, èmi ń yí àgbá kẹ̀kẹ́. Nígbà tó pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó gbé e lé òkúta, ó lù ú, ó tún lù ú. Òkúta náà là sí méjì, ọkọ́ màmá sì já bọ́ sínú eérú. Ọkọ mi kò bú òkúta, kò kígbe. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó gbé òòlù lé itan, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ ìjókòó náà. Òun ló máa ń jókòó ní Àkúrẹ́ bó bá ti tú fáànù palẹ̀ tán. Ọkàn mi bàjẹ́, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá wò ó pẹ́. “Bí bàbá rẹ náà ṣe ń ṣe nìyí,” wọ́n ní. “Bí uṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kì í fọhùn.” Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fa ọkọ́ wọn yọ nínú eérú, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù. “Ẹ lọ tú urin náà wá. Kò gbọdọ̀ kúrò lóko yìí. Ṣéènì rẹ̀ gbọdọ̀ bá a wá. Bí ẹnikẹ́ni bá kú, wàá dá uṣẹ́ dúró, màá wá lu urin mi. Bó bá sì wá kàn mí...”

Ọkọ mi kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú. “Èmi ni màá lù ú fún yín, màmá. Ọwọ́ ara mi ni màá fi lù ú.”

A fi tó baálẹ̀ létí, baálẹ̀ ní bí màmá bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Àwọn ọkùnrin oko bá wa gbé irin náà sọ̀kalẹ̀, ọkọ mi gbé e dùbúlẹ̀ lórí ìtì igi ìrókò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó sípíríìn sínú iná, ó fà á yọ, ó gbé e lé owú tuntun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó sáré dé jẹ́ àgbẹ̀ kan tó mú àdá lọ́wọ́, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀, ìkejì ti há sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin kan, tí wọ́n ti ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà láìtíì mọ ẹni tí wọ́n ń sun ún fún. Kí á tó ṣẹ́jú, ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ ti kún.

“Ta ló kú?” àgbẹ̀ náà bèèrè, èémí rẹ̀ kò délẹ̀.

Ọkọ mi dúró, òòlù wà lókè. “Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ́ ni mò ń rọ.”

Hà! Ariwo tó sọ níbẹ̀ kò kéré. Àgbẹ̀ náà fi àdá tọ́ka sí irin wa, ó ní, “Ẹ gbé nǹkan yìí padà sórí igi! Ṣé ojoojúmọ́ la ó máa sáré òkú wálé ni?” Àwọn tó kù ń gbè é. Mo wo ojú ọ̀run, òjò ti dúdú lókè wa, mo sì rí aṣọ gáádì ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn wa kedere bí ẹni pé ó wà níwájú mi.

Màmá ló dé kẹ́yìn. Wọ́n ti gbọ́ irin tí kì í ṣe àwọn ló lù ú, wọ́n sì ti ń bọ̀ wá wo ẹni tó kú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi di òpó mú. “Ẹ̀yin onífóònù,” wọ́n ní, “ṣebí ẹ gbọ́ urin mi lónìí?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà kò rín, òótọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn fà á. Ní tèmi, mo ń wá ibi tí màá jókòó sí. Àpótí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ṣéènì irin náà ni wọ́n kó lé e. Mo gbé ṣéènì náà, ó wúwo, mi ò rí ibi tí màá jù ú sí, mo bá wé e mọ́ apá kan owú náà tó yọ síta, mo jókòó. Ọkọ mi, bóyá inú ló ń bí i, gbé òòlù, ó lu owú náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe “kọ̀”. Ó parí síbẹ̀. Ohùn gbọọrọ yẹn kò jáde.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí owú náà. Ọkọ mi tún lù ú. Kọ̀.

“Kí lo ṣe sí i?” ó bi mí.

“Mo jókòó ni,” mo ní.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú nìyẹn. Ṣéènì tí wọ́n fi so irin náà rọ̀ kó lè máa ké ló pa á lẹ́nu mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí ọjọ́ náà tó parí, ó ń lu páànù lórí wa, ọkọ mi sì ń ti ọkọ́ àkọ́kọ́ bọ omi nínú fíríìjì. Àgbẹ̀ tó bínú náà ló rà á. Mo fọ aṣọ gáádì, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà sí Ìjàpò. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀ ní oko, èmi ní Àkúrẹ́, tí mo sì ń wa ọkọ̀ lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì kan bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Mo ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ẹ̀yìn ń ro mí, bọ́ọ̀tù kún fún sípíríìn. Bí mo ṣe yà kúrò ní títì ni mo gbọ́ ọ, ohùn gbọọrọ yẹn, á dún, á rìn jìnnà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti kú níbẹ̀, mo sì mọ ọwọ́ màmá, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́; ọwọ́ ọkọ mi nìyẹn. Mo gbá ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo gbé orí lé sítíárì. Ó pẹ́ kí fóònù mi tó dún láti sọ fún mi. Lọ́tùn-ún lósì, àwọn ènìyàn ń yọ láti inú oko kòkó, àdá lọ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ wálé nítorí màmá.

Nígbà tí mo dé àgbẹ̀dẹ, ṣéènì wà nílẹ̀, ọkọ mi sì ti lù ú tán. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. A gbé ṣéènì náà nílẹ̀, a jọ wé e padà.

Ìgbà kan wà tí mo rò pé irin la ń ṣa kiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Irin kọ́. Ibi tí ọwọ́ ẹni á ti wúlò ni ọkọ mi ń wá, òun náà sì ni màmá kò fẹ́ fi sílẹ̀. Èmi, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ti gbó, bọ́ọ̀tù ń rùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá ní Ìjàpò, tí mo rí géètì yẹn tí gáádì mìíràn ń ṣí, mo máa ń rántí ìbéèrè màmá, mo sì máa ń bi ara mi pé ta ni á lu irin fún èmi. Mo mọ ẹni náà. Kó ṣáà má gbàgbé láti tú ṣéènì.